Agbanímọ̀ràn Lọ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Wẹ Aláìsàn

Dìgírì kẹ̀? Wọ́n ní i o! Ẹ má wulẹ̀ lanu sí mi báyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lọ yunifásítì, wọ́n wọ gáùn, wọ́n dé fìlà onígun mẹ́rin, fọ́tò ẹ̀ náà lẹ ń wò lára ògiri láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó yẹn. Gáídáǹsì àti káńsẹ́líǹ ni wọ́n kà. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló gbé ẹni tó ní dìgírì dé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà, láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ṣé ẹ lásìkò ṣá? Ọmọ ti sùn, ẹnu mi kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Èmi ìyàwó ilé, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Agbanímọ̀ràn lèmi sọ wọ́n lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, torí kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa bi wọ́n tí wọn ò ní fi ìbéèrè dá yín lóhùn. Ẹ ní, "Antí, ibo niyọ̀ wà?" Wọ́n á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́, wọ́n á ní, "Kí lo rò pé ó ń jẹ́ kó o máa wá iyọ̀?" Iyọ̀ ni mo fẹ́ fi sọ́bẹ̀ o! Ọbẹ̀ á jóná, ọ̀rọ̀ ò ní tíì tán.

Ìjọba ń sanwó fún wọn lórí ìyẹn o. Ilé-ìwé girama kan níhìn-ín ní Òṣogbo ni wọ́n wà, wọ́n ní ọ́fíìsì tiwọn, wọ́n ní àga tó ń yí, wọ́n ní fáànù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wu NEPA. Ọmọ ilé-ìwé á wọlé wá, á ní ìṣirò ò yé òun. Agbanímọ̀ràn á ní, "Báwo nìyẹn ṣe rí lára ẹ?" Ọmọ á ní kò dáa lára òun. Wọ́n á ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣirò ọ̀hún ò sì tíì yé ọmọ o.

Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ wọ́n. Ó ń mí gúlegúle, ọrùn ẹ̀ ń wọnú. Agbanímọ̀ràn ní kó jókòó, kó fara balẹ̀, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Kò sí nǹkan lọ́kàn ọmọ ọlọ́mọ, èémí ló ń wá! Ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kò sí ìkánjú ló ti ṣubú lulẹ̀ níwájú tábìlì. Nọ́ọ̀sì kan láti kílíníìkì òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n sáré lọ pè. Nọ́ọ̀sì náà dé, ó gbé ọmọ jókòó, ó tú kọ́là ọrùn ẹ̀, ó fún un lóògùn, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kò bi ọmọ náà pé báwo ló ṣe rí lára ẹ̀.

Nígbà tí Agbanímọ̀ràn délé lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, wọ́n ní, "Ìyàwó, mo dúró ni o. Ọmọ ń kú lọ, mo kàn dúró."

Mi ò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Kó tó di pé ọdún yípo, wọ́n ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀ bá wà ńbẹ̀! Gbogbo ẹbí ló di olùdámọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, wọ mọ́tò láti Ìbòkun wá sọ tiwọn. "Wọ́n fún ẹ lága, wọ́n fún ẹ ní tábìlì. O tì í dànù, o fẹ́ lọ máa gbé ike ìtọ̀ kiri fún ẹni tí o ò mọ ìyá ẹ̀?" Agbanímọ̀ràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní kò burú, wọ́n á kúkú sin òun kóun tó rí ìparí ẹ̀. Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó padà sílé ṣá.

Ọdún '95 nìyẹn. Tí wọ́n bá gba èèyàn sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọn kì í dédé fún un ní fìlà funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dé yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò fóṣù bíi mélòó kan, tí kò bá yege, á palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ti inú ìwé ò le fún Agbanímọ̀ràn, wọ́n fi gbogbo àwọn ọmọdé yẹn sẹ́yìn pátápátá. Ó wá ku ti ọwọ́. Ti ọwọ́ ọ̀hún, kí wọ́n wẹ aláìsàn tí ò lè dìde, lórí ibùsùn ẹ̀, láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì má tutù, kí ara ẹ̀ má hàn síta.

Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ta ló ní kí wọ́n sọ ìyẹn fún Agbanímọ̀ràn! Wọ́n ṣàlàyé, wọ́n bi ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ bí àlàyé ṣe rí lára ẹ̀, wọ́n ṣàlàyé èsì ẹ̀ fún un. Ìgbà tí wọ́n fi máa ki kàn-ìn-kàn-ìn bọ omi, omi ti tutù bí omi odò. Wọ́n gbé e lé ìyá náà láyà, ó han. Missis Awóníyì, olùkọ́ tó ń dán wọn wò, ti ìka bọ béésìnì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa wọ́n kí àìsàn tó ráyè ni?" Ó ní kí wọ́n padà wá tún un ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè. Tó bá tún rí báyẹn, kí wọ́n gbé àpótí wọn, kí wọ́n gba ilé lọ.

Bí wọ́n ṣe dé sọ́dọ̀ wa ní Dàda Estate lọ́jọ́ Fúráídeè nìyẹn, ojú wọn rí bí ewé tí oòrùn pa. Mo ti bí Ìmísíolúwa nígbà yẹn, ọmọ mi tó rẹwà ju ọmọ gbogbo èèyàn lọ, ẹ bi ẹni tó bá rí i. Màmá wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá wẹ ọmọ fún wa. Ní ọjọ́ Sátidé, Màmá lọ ra ẹja lọ́jà. Bí wọ́n ṣe jáde ni Agbanímọ̀ràn sún mọ́ mi.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, wá bá mi ṣe aláìsàn."

Èmi tí mi ò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án láti ìgbà tí mo bímọ! Mi ò jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n gbé omi kaná lórí sítóòfù, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun bò mí dé àgbọ̀n, wọ́n ní kí n dijú, kí n sọ ara mi dẹ̀rọ̀ bí ẹni tí ò lágbára. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ ọ́n ṣe! Mo ṣe é débi pé oorun gbé mi lọ. Wọ́n á gbé apá mi sókè, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, á bọ́ lulẹ̀ pọ̀ọ́.

Màmá gbàgbé pọ́ọ̀sì wọn, wọ́n bá yà padà sílé.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá wà láàyè, ìjókòó tàbí ìdúró ló ti ń wẹ̀. Òkú nìkan ló ń sùn gbalaja kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Màmá yọjú, wọ́n rí aṣọ funfun, wọ́n rí béésìnì, wọ́n rí apá mi tó bọ́ lulẹ̀.

"Yéè! Mo gbé! Ìyàwó Elisha ọmọ mi ti lọ! Ta ni ó fún ọmọ lọ́mú?"

Ràṣídátù tá a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ti wọlé kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ìdajì orí ẹ̀ ní dídì, ìdajì ní títú. "Ìnnálílàhi! Ìyá Ìmísí!" Ariwo yẹn ló jí mi, ni mo bá dìde jókòó nínú aṣọ funfun. Ọ̀nà tí Ràṣídátù gbà wọlé ò gbà á nígbà tó ń jáde.

Èmi tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nílé, mo ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀ mà."

Màmá gbá ilẹ̀kùn mú. "O wà láàyè?"

"Mo wà láàyè mà."

Ṣé ẹ rò pé inú wọn dùn? Ìgbà yẹn gan-an ni ìjà bẹ̀rẹ̀. "O wà láàyè! O wà láàyè, o na ara sílẹ̀ gbọọrọ, ọmọ tí mo bí ń wẹ̀ ẹ́! Èmi wẹ ìyá ọkọ mi títí Ọlọ́run fi pè é, ta ló wẹ èmi? Ìyàwó, ṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ lo sọ dọmọ ọ̀dọ̀?"

Agbanímọ̀ràn ní, "Màmá, ó jọ pé inú ń bí yín. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí—"

"Panu ẹ dé, Ìbíjọkẹ́!"

Wọ́n panu dé lóòótọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé kàn-ìn-kàn-ìn lé ẹsẹ̀, omi ń kán sí wọn láṣọ. Wọ́n ní, "Màmá, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n ṣe di Túsìdeè, wọ́n máa lé mi."

Màmá ní, "Ibiṣẹ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọn ò ní gbà ẹ́ padà?"

"Wọ́n ti fi ẹlòmíì jókòó sórí àga yẹn, mà."

Màmá pòṣé kan, ó gùn láti ibí dé Ìbòkun. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e kọ́ ilẹ̀kùn. "Ìyàwó, dìde ńbẹ̀. Ìyàwó ulé kọ́ ni ọmọ mi ó fi kọ́ṣẹ́. Èmi tí mo bí i ni ó wẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní dijú o, mi ò sì ní dákẹ́! Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé kọjá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn mi."

Mo pààrọ̀ omi, Màmá sùn kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún Agbanímọ̀ràn. Wọ́n sọ ti ìrora ọjọ́ ìkúnlẹ̀, wọ́n sọ ti kòkó tí wọ́n tà kí ẹnìkan tó wọ yunifásítì, wọ́n sọ ti ọkọ tí ẹnìkan kọ̀ nítorí pé kò ka ìwé tó, wọ́n sọ ti àga tó ń yí. Agbanímọ̀ràn la ẹnu, wọn ò ráyè. Wọ́n tún là á, Màmá ti dé orí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Nígbà tí ẹnu ò wúlò mọ́, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ojú, apá, àyà, ẹ̀yìn. Wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń nù, wọ́n ń bò. Wọ́n dé ẹsẹ̀, mo ti ìka bọ béésìnì: omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́!

Ohùn Màmá wá ń lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ò le," ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn, wọ́n bá sùn. Ràṣídátù rọra yọjú lójú fèrèsé. "Ìyá Ìmísí, tàwọn yìí ńkọ́?" Mo ní kó fetí sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun, ó lọ parí orí ẹ̀.

Ní Túsìdeè, ká ní èmi ni mò ń dáná ni, ọbẹ̀ ì bá ti jóná, torí ọkàn mi ò sí nílé. Àmọ́ Màmá ló ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní àwọn ò dúró de ẹnikẹ́ni o, iyán kàn ń wu àwọn jẹ ni. Odó yẹn dún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Agbanímọ̀ràn dé. Orí pèpéle lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti gbá wọn mú. "Antí, ẹ sọ ọ́! Kí lẹ sọ fún aláìsàn?"

"Mo ní, 'Mà, mo fẹ́ wẹ̀ yín, omi gbóná díẹ̀.' Mo wá bi wọ́n pé ilé ńkọ́."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, ìyá yẹn sọ ti ilé fún mi. Mo gbọ́ tọkọ, mo gbọ́ tọmọ, mo gbọ́ ti ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Mo ń gbọ́, mo ń wẹ̀ wọ́n lọ. Mi ò dá sí i."

Mo ní Missis Awóníyì wá ńkọ́. Wọ́n ní ó ti ìka bọ omi, ó nu ìka ẹ̀, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n ní àwọn ti ń ro bí àwọn ṣe máa palẹ̀ ẹrù àwọn mọ́. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn orí yín fún fìlà."

Mo pariwo, ọmọ jí, mo gbé ọmọ, mo ń jó. Agbanímọ̀ràn ò tilẹ̀ jó. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé odó ti dákẹ́ tipẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jáde wá kí wa kú oríire.

Ohùn Màmá kàn là wá láti ẹ̀yìnkùlé ni: "Ìyàwó! Sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ìyá onìyá kiri pé kó fọ ọwọ́ ara ẹ̀, kó wá jẹun!"