Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ Òkun àti Ìyá Tó Tọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro èyí fún yín. Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, mi ò gbàdúrà kí ojú ọ̀tá mi rí i.

Èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kí a lè wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní cruise. Ọkọ̀ tó ní ilé oúnjẹ, tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, tó ń gbé èèyàn láti Spéènì yí àwọn erékùṣù ká! Èmi tí mò ń ta àdìrẹ ní Jankara, tí mo ti ń wo omi Marina láti kékeré, mi ò tíì wọ ọkọ̀ omi tó ju èyí tó ń lọ sí Àpápá lọ. Ṣé kò tọ́ sí mi ni?

Àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ló ní ká ra ìnṣọ́ránsì, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí a ò lè lọ mọ́, owó wa ò ní wọgbó. Ọkọ mi fajú ro. Ó ní ṣé kì í ṣe pé à ń fọwọ́ ara wa pe ibi ni? Mo ní Alhaji, ẹni tó gbé agbòjò dání kọ́ ló pe òjò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníìnṣọ́ránsì ní Marina. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn mọ iṣẹ́ ẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wọ́n, ìdí yòówù tí a bá ní, a lè fagi lé ìrìn àjò, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ nínú owó wa padà. Èyí tí kò wọ́n, àfi tí àìsàn tàbí ikú bá kan àwa fúnra wa tàbí ẹbí tó sún mọ́ wa: ọkọ, ìyàwó, ọmọ, òbí. Ó bi mí bóyá àwọn òbí wa ṣì wà láyé. Mo ní ìyá mi nìkan ló kù, mo sì dárúkọ wọn. Kíá, mo mú èyí tí kò wọ́n. Kí ni mo tún ń wá? Ta ló lè dá mi dúró bí kò ṣe Ìyá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níbí. Ìyá yìí, ìyàwó àgbà bàbá mi ni wọ́n. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì ń mu ọmú, bàbá mi sì gbé mi fún wọn. Wọ́n pọ̀n mí, wọn ò sọ̀ mí kalẹ̀ títí mo fi délé ọkọ. Gbogbo agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Nílé wa, bí o bá sọ fún ọmọ pé ìyàwó bàbá ẹ ló tọ́ ọ, ìjà lo fẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yẹn béèrè ìyá mi, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ kankan wà níbẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká lọ, Ìyá kírun àárọ̀ tán, wọ́n fẹ́ dìde lórí ẹní, apá òsì kọ̀. Ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni.

Mo fagi lé ìrìn àjò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ta ló máa wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ nígbà tí ìyá ẹ̀ ò lè gbé ṣíbí?

Mo kó ìwé jọ, mo fi ránṣẹ́. A dúró, a dúró, ó sú wa. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní orúkọ ìyá tó wà nínú ìwé ọjọ́ orí mi kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ń fi mí pe òpùrọ́! Mo tún gba Marina lọ. Ọmọbìnrin ọjọ́sí náà ni mo bá, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ojú ẹ̀ là.

“Ah, Mummy, no wahala! Ìyàwó bàbá yín náà wà lára àwọn tí a kà sí òbí. Ẹ kàn lọ búra ní kóòtù pé ẹni tó ń ṣàìsàn kọ́ ni ìyá yín, pé ìyàwó bàbá yín ni wọ́n. A máa san án. Ó easy.”

Ó easy! Ẹ gbọ́ o.

Ọkọ mi ní kí n lọ búra jàre, ìwé lásán ni. Òun kọ́ ló dàgbà nínú agbo ilé wa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, wọ́n á ní èmi Rísì sẹ́ ìyá mi nítorí owó ọkọ̀ òkun. Bó bá wá dé etí Ìyá lórí àìsàn ńkọ́? Mo ní kí n gbàgbé owó náà, ṣùgbọ́n òun la ń wò láti fi tọ́jú wọn. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Gbogbo ẹ̀ sú mi.

Ìyá ló rí i lójú mi. Mò ń fún wọn ní ògì lọ́jọ́ kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọ̀rọ̀ ṣì wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí. Wọ́n ní irọ́ ni. Mo bá sọ ọ́, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ojú mi sókè.

“Rísì, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé mi ò bí ẹ ni?” Wọ́n fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín. “Lọ búra, jàre. Ọjọ́ tí bàbá ẹ gbé ẹ lé mi lọ́wọ́, ta ló ní kí n fọwọ́ síwèé?”

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo lọ búra. Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín. Wọ́n san owó náà, òun la fi ń san owó ẹni tó ń kọ́ Ìyá ní ìrìn. Ọkọ̀ òkun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, ẹ má kàn mú èyí tí kò wọ́n bíi tèmi. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń kà sí ẹbí. Ẹ sọ bí ilé yín ṣe rí fún wọn kí ẹ tó sanwó: ẹ̀gbọ́n bàbá tó rán yín níléèwé, àǹtí tó tọ́ yín, gbogbo ẹni tí àìsàn ẹ̀ lè dá yín dúró. Bí ojú bá tì yín láti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ẹ ó sọ ọ́ ní kóòtù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ta ni ẹ̀ ń pè ní ìyá tí ìwé ò mọ̀?