Ìyàwó Tí Ó Kọ̀ Láti Wá sí Adó

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, àwa tí iṣẹ́ wa wà ní Àkúrẹ́ di ẹrù, a gba Adó lọ. Ọ̀pọ̀ wa kò mú ìyàwó dání. Ilé-ìwé àwọn ọmọ wà ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ ìyàwó wà níbẹ̀. A ní a ó máa lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Kí ọdún tó yípo, ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Akọ̀ròyìn ni mí. Lọ́sàn-án, èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta máa ń pàdé nídìí iyán ní àdúgbò Òkè-Ìlá, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí kò ní ohun kan tí òun kì í ṣe.

Àgbà inú wa, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ní: "Ulé mi wà l'Ákùúrẹ́. Obìnrin kankan ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, òde iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀."

Èkejì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Àládùúrà. Ó ní: "Èmi máa ń gbààwẹ̀ sí i. Tí mo bá ṣẹ̀ l'Ọ́jọ́rú, n ò ní fẹnu kan nǹkan l'Ọ́jọ́bọ̀."

Ẹ̀kẹta bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà, àbájọ tẹ́ ẹ fi ń rù!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tèmi ni pé n kì í parọ́ nínú ìròyìn. Bí ogún èèyàn bá wá, ogún ni n ó kọ. Mo gbà pé ẹni tó ń sọ òtítọ́ fún gbogbo ìlú, ó yẹ kí wọ́n fojú fo díẹ̀ fún un nílé. Gbogbo wa dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé tí kò ní ògiri.

Obìnrin kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló ń bá mi tẹ ìròyìn mi lórí ẹ̀rọ. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí èmi àti òun ti ń fẹ́ra wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo rán awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ Fájuyì sí ìyàwó mi pé n kò ní lè wálé, pé wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn lélẹ̀ ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìgèdè lọ́jọ́ Sátidé. Òtítọ́ ni, nígbà tí mo rán an. Lọ́jọ́ Ẹtì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ wọn sọ fún mi pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, wọ́n ti sún un síwájú. Mo fi ìlà méjì kọ ọ́ sí ìparí ìròyìn mìíràn. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé ọwọ́ yín dilẹ̀ lọ́la nìyẹn."

Ọwọ́ mi dilẹ̀ lóòótọ́. N kò lọ sílé.

Ní Sátidé kejì, mo dé Àkúrẹ́. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ó ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbejì. Ìfìpìlẹ̀lélẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mo ní èrò pọ̀. Mo ní ọba wọn jó. Ó bi mí pé aṣọ wo ni ọba wọ̀, mo ní sányán. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kó tó fa ìwé ìròyìn wa yọ láàárín àwọn ìwé náà. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìlà méjì yẹn. Èmi tí mo kọ ọ́ ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, "èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìjọba ló tú wa ká. Kò rọrùn fún ọkùnrin láti dá gbé. Ó gbọ́wọ́ sókè láti dá mi dúró.

"Ṣé obìnrin náà mọ̀ pé mo wà?"

"Ó mọ̀."

"Kí lẹ sọ fún un nípa mi?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìbéèrè jẹun, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ èyí tó gún mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ fún obìnrin náà ni pé ìyàwó mi kọ̀ láti wá sí Adó, pé ó ní ìlú náà ò lajú tó. Ìyàwó tí mò ń wí yìí ti lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé-ìwé kan ní Adó. Ìwé rẹ̀ ti jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó wọṣẹ́. Kí n lè rí ara mi bí èèyàn rere, mo ti sọ ọ́ di èèyàn burúkú.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi bí mo ṣe sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe, mo lè fi sùúrù wò ó. Irọ́ tẹ́ ẹ pa mọ́ mi ni n ò ní lọ bá l'Ádòó. Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún un. Tẹ́ ẹ ò bá lọ, màá dá ìwé wọn padà fún wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Adébáyọ̀. Mo ní: "Ohun tí mo sọ nípa ìyàwó mi, irọ́ ni. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ wá."

Kò tilẹ̀ wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní mo gbà yín gbọ́? Gbogbo ọkùnrin tó ń wá tẹ̀wé níbí, ìyàwó wọn ló kọ̀ láti wá sí Adó." Ó fa bébà yọ kúrò nínú ẹ̀rọ. "Ẹ wá ẹlòmíì tí á máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó mi bó ṣe jáde lẹ́nu obìnrin náà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ó gbọ́n jù mí lọ," ó wí. "Èmi ni mo máa ń gbà yín gbọ́."

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, òun àti àwọn ọmọ dé Adó. Yàrá méjì ni mo gbà. Ó kó ẹrù tirẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bi mí pé ibo ni mo lọ, mo máa ń dáhùn, á sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èsì mi, bí ẹni tó ń retí ẹlẹ́rìí kejì. Ó lé ní ọdún méjì kí ìdákẹ́ yẹn tó tán.