Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àpò

Gbogbo àwọn tó ń gun òkè wá wo odi àtijọ́ yẹn ló mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí Ìyá Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń ró wọnwọn ní ìbàdí rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ọwọ́ àlejò, torí àwọn kan a máa fi ìṣó họ orúkọ wọn sára ògiri tí ogun ò rí wó.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìfura. Bàbá yẹn ní ìyàwó mìíràn sí ìlú kejì, àpò ṣòkòtò ló sì ń fi òrùka ìyẹn pamọ́ sí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti rí òrùka náà níbi tó ti ń fọṣọ, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé wò ó.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, wá ní òun ti rí káfíńtà kan tí òun fẹ́ fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wá bá òun lórí òkè. Bí òun ò bá gbà, kò sí ìgbéyàwó. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù. A wo àwọn ìbọn àgbá, ọwọ́ wà nínú àpò. A wo yàrá tí àwọn ọmọ ogun ń sùn, a wo kànga, ọwọ́ ò jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn.

"Ṣé o rí i? Òrùka ni. Ó ní ìyàwó nílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ló ń mú un."

"Òtútù ọwọ́ kan ṣoṣo? Ìfura loògùn àgbà, jàre."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan yẹn ò yé èmi náà.

Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́, èyí tó máa ń wà ní títì nítorí pé àkàbà rẹ̀ ti ń jẹrà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkọ ọmọ mi, gòkè. Ibẹ̀ lo ti máa rí gbogbo àfonífojì."

Àkàbà yẹn ga, ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gùn ún. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń fi ọwọ́ kan gun òkè lọ. Ó dé àárín, igi kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ òsì láti fi di àkàbà mú. Ọwọ́ náà ò rí nǹkan fi dì í mú. Àtàǹpàkò nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìlagi ti gé àwọn ìka yòókù lọ. Ó já bọ́, ọmọ wa sáré gbá a mú, àwọn méjèèjì jọ ṣubú. Orúnkún ọkùnrin náà bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Ọmọ wa gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ojú ló ń tì í. Ẹ ò lè bi í ni? Ẹ mọ̀ pé àkàbà yìí ti jẹrà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Mo rò pé òrùka ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Káfíńtà náà ń nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù.

"Ọ̀rọ̀ òrùka náà la bá wá, mà," ó wí. "Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi òrùka ìgbéyàwó wa sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún."