Ohùn Tí Gbogbo Ọ̀fun Lè Gbé

Láàárín àwọn obìnrin Savè, ní ilẹ̀ Benin, tí ń bẹ iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́, ẹni tó ń dá orin kì í bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wù ú. Yóò kọ́kọ́ wo ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, yóò sì fi orin síbi tí ọ̀fun ẹni yẹn lè dé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ohùn òkè ní tirẹ̀, ti ìjà ni, tàbí ti ilé tó ń jó.

Àdìjá ló ń dá orin fún wọn. Ìyá Àyìnkẹ́, tó kọ́ ọ lórin láti ìgbà tí Àdìjá ti dé ilé ọkọ, ló dàgbà jù. Bí orin bá ti ga, ohùn ìyá náà á há.

Láyé ìjọba ológun, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀. François ni wọ́n fi ṣe olórí ti àdúgbò Àdìjá. Abẹ́ igi kajú ni í máa ń jókòó sí, tí yóò máa jẹ ẹran díndín, tí òróró yóò máa ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin á sì dúró sínú oòrùn.

"Kamarádì Àdìjá, ohùn òkè! Ohùn òkè ni ohùn ẹni tó fẹ́ràn ìjọba!"

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, àwọn ìyá wa ò lè gbé e."

"Ẹni tí kò bá lè gbé e, kó lọ sílé." Ó fi egungun ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí Ìyá Àyìnkẹ́ bí ẹni ń tọ́ka sí ewúrẹ́. "Ti eléyìí ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo."

"Ọmọ mi," ni ìyá náà dáhùn, "ilẹ̀kùn tó ń han ni olè ń bẹ̀rù."

Ẹ̀rín sọ. François tu iṣan ẹran sílẹ̀, ó ní lọ́jọ́ tí àlejò ìjọba yóò ti Cotonou wá, ìyá náà kò ní bá wọn kọrin àfi tí ohùn rẹ̀ bá lè dé òkè.

Ẹ̀rù ba Àdìjá. Ó gbé orin náà lọ sókè. Iṣan ọrùn Ìyá Àyìnkẹ́ ta, ó la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Ohùn ara Àdìjá wá kó o nírìíra, bí iṣu rírà tó ti gé jẹ kó tó mọ̀.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, Ìyá Àyìnkẹ́ wá dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Àdìjá fojú wá a títí ó fi rí i, ó sì dá orin náà nísàlẹ̀. François ń gbé àgbọ̀n sókè, sókè, láti fi sàmì fún un pé kó gbé orin sókè. Àdìjá ò wò ó. Ohùn ìyá náà wọ inú orin bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀.

Àlejò pàtẹ́wọ́. Kíá ni François fò síwájú, ó gbá ọwọ́ Àdìjá mú.

"Èmi ni mo kọ́ wọn! Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, èmi ni!"

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ fún òróró. Kò fi Àdìjá sílẹ̀ títí mọ́tò àlejò fi lọ.

Eérú ni Àdìjá fi fọ ọwọ́ náà nígbà tó délé.

"Má gbàgbé etí tó gbọ́ irọ́ rẹ̀ o," ni Ìyá Àyìnkẹ́ wí.

Àdìjá ò rẹ́rìn-ín. Ó tún bu eérú.