Àbàwọ́n Funfun Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìkànnì wa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nítorí ẹnu mi.

Káfíńtà ni mí ní Ìkòtún. Sìgá ni mo fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni mo fi ń tì í. Látìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, ó wá pọ̀ sí i. Ta ló kù tó máa bá mi wí?

Nígbà tó yá, ata bẹ̀rẹ̀ sí ta mí lẹ́nu. Mo fi ahọ́n kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá òsì, ó rí háráhára. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń sọ nìyẹn? Ìdí dun ni, jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹnu bó, jẹ̀díjẹ̀dí!

Mo lọ bá ìyá alágbo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó bi mí bóyá olómi ni àbí ọlọ́tí. Mo ní ọlọ́tí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ṣúgà yìí, ẹ ò tíì rí nǹkan!" Bí mo bá mu àgbo náà tán, mo tún tan sìgá kan láti fi pa kíkorò rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Bùkọ́lá, àkọ́bí mi, wá láti Ayọ̀bọ̀, ó sebẹ̀. Mo jẹun díẹ̀, mo gbé àwo sílẹ̀.

"Dádì, ọbẹ̀ mi ò dùn ni?"

"Ó dùn."

"Ẹ lanu."

Mo ní ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́nu, ó rí àbàwọ́n funfun kan níbẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Ó kàn pa iná náà, ó jókòó. Ó ní, "Mọ́mì ti lọ. Ẹ̀yin náà fẹ́ fi wá sílẹ̀, àbí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín.

Obìnrin ni, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju Bùkọ́lá lọ. Ó bi mí nípa sìgá àti àgbo, mi ò parọ́. Ó ní kí n na ọwọ́ mi, ó fọwọ́ kan ibi tó le ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bi mí ohun tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ayùn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu mi ṣe rí. Awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú ẹnu, àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló sì para pọ̀ di awọ náà. Èéfín ń jó wọn lójoojúmọ́, awọ ń nípọn láti gba ara rẹ̀ là, ó ń funfun. Oró inú sìgá tún ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ láti inú. Bó bá pẹ́, àwọn kan lè máa hù bó ṣe wù wọ́n. Ìyẹn ni jẹjẹrẹ. Ó ní ọtí inú àgbo mi kàn ń ṣílẹ̀kùn fún oró náà ni.

Ó gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. A wá ń retí èsì. Bùkọ́lá ń pè láràárọ̀.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo fẹ́ dìde. Ó ní kí n jókòó, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń yí padà. Bí mo bá jáwọ́, wọ́n lè padà sípò. Wọ́n sì lè má padà. Òun á máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti jáwọ́. Ó ń rẹ̀ mí o. Láàárọ̀, ọwọ́ mi á lọ sí àpò, ìṣó ló máa bá níbẹ̀. Àbàwọ́n náà wà síbẹ̀, Bùkọ́lá ṣá ní ó ti dín kù díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan funfun bá wà lẹ́nu yín tí kò lọ, ẹ má fún un lórúkọ fúnra yín. Ẹ lọ fi han dókítà. Ta ló ti rí irú èyí nínú yín? Báwo lẹ ṣe jáwọ́ nínú sìgá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.

Bí mi ò bá tètè fèsì, Sátidé ni. Bùkọ́lá ti dé pẹ̀lú iná fóònù rẹ̀, mo ti lanu.