Àpáta Tó Ń Mu Aró

Màmá Aláró, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn wolé-wolé fún mi, kí n tó fojú ara mi rí ọ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀dá kan wà tó ń rìn láti ilé dé ilé. Kì í jókòó, kì í jẹun, kì í sì í mu omi. Ìdí àmù ló máa ń gbà lọ tààrà, yóò ṣí ìdérí, yóò tẹjú mọ́ inú rẹ̀. Bó bá rí tanwíjí, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń di ẹ̀fọn yẹn, inú rẹ̀ a dùn, nítorí òun ni oúnjẹ rẹ̀. "Ọmọ tí kò bá bo àmù ló ń bọ́ ọ o," ni Màmá máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Èmi náà gbà. Lọ́kàn tèmi, wolé-wolé ní ìrù, ẹnu rẹ̀ sì gùn bíi ti ẹyẹ lékeléke.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀dá náà dé ilé wa ní Ìtòkú, òórùn aró ló jí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí àdúgbò wa mọ òórùn náà. Ó dà bí ewé tó ti rà, tí wọ́n pò mọ́ eérú tútù. Àlejò a fọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n sí àwa, bí ilé kan kò bá rùn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, a ó máa béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá níbẹ̀. Abẹ́ ìbòòji páànù ni ìkòkò aró Màmá tò sí. Aṣọ àdìrẹ a máa sá lórí okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn adìyẹ wa a sì máa fi ẹsẹ̀ tó ti di dúdú kiri inú àgbàlá bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọwọ́ Màmá fúnra wọn dúdú títí dé ìgùnpá. Bí wọ́n bá kírun tán, tí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe àdúà, mo máa ń rò ó pé Ọlọ́run kò lè ṣi ọwọ́ yẹn mọ̀ láàárín ọwọ́ gbogbo ayé.

Ẹ̀yìn ilé wa ni àpáta kan wà tó ga ju òrùlé lọ. Ó sán láàárín, ojú ibi tó sán náà gba apá àgbàlagbà. Láti ayé ìyá tó bí Màmá ni wọ́n ti ń da aró tó bá ti lo agbára rẹ̀ tán síbẹ̀, bó sì ti wù kó pọ̀ tó, ihò náà kì í kún. "Àpáta ń mu ún," ni Màmá máa ń wí, bí ẹni tó ń fi ọmọ yangàn. Láyé ìyá wọn, omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Nígbà tèmi, sódà inú agolo ló kù tí wọ́n ń lò, èyí tó ń jó èèyàn lọ́wọ́. Àpáta mu ìyẹn náà. Ìlú tí gbogbo wa forí pamọ́ sábẹ́ òkúta, ta ni yóò bi òkúta léèrè ohun tó ń fi aró ṣe?

Wolé-wolé wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí ìrù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ aṣọ kakí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó mú tọ́ọ̀ṣì dání nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ó yẹ àmù wò, kò rí tanwíjí. Ó ní ká bo dúrọ́ọ̀mù omi òjò, ká sì kó pàǹtí inú gọ́tà. Màmá ní kó jókòó, ó ní òun kò ráyè. Wọ́n bu omi tútù fún un, ó tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Èmi kì í mu omi níbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá ju bí ẹni gbá wọn létí lọ. Bó ṣe jáde, wọ́n gbé igbá omi náà kalẹ̀ níwájú gbogbo agbo ilé. "Ẹni tó wọlé tí kò jókòó, tó ń yẹ ìkòkò wò, tí kò mu omi. Bí kì í bá ṣe pé ìjọba rán an, kí là bá pè é?" Láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wọn ni ì bá ṣe. Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tí Màmá bá fẹ́ràn, "o" ni wọ́n ń pè é.

Ìsàlẹ̀ ilé wa, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ojú títì, ni ilé Alfa Búráímọ̀ wà. Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ́ kéwú, omi kànga Alfa la sì ń mu. Jálàbíà Alfa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Funfun báláú ni wọ́n rà á, ṣùgbọ́n Jímọ̀ kan lé òmíràn, ó ń dà bí ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin ìdí aró sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan bi ìyàwó Alfa bóyá Alfa fẹ́ gbé ìyàwó tuntun ni, tí wọ́n fi ń po búlúù tó bẹ́ẹ̀ sí aṣọ. Ìyàwó Alfa búra pé búlúù kankan kò kan omi òun. Màmá ló rẹ́rìn-ín jù nínú wọn, wọ́n ní bí Alfa bá ń fẹ́ aṣọ aró, kó gbé e wá, àwọn kò ní gbowó.

Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ kéwú. Inú run èmi náà. Màmá fi epo pa mí níkùn, wọ́n se àgbo fún mi, wọ́n jókòó tì mí títí oorun fi gbé mi lọ, wọ́n ń ṣépè fún ohun tó fẹ́ pa ọmọ wọn, wọn kò sì mọ ẹni tí èpè náà ń wá.

Òbí ọmọ kan ló lọ pe wolé-wolé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú kànga Alfa, ó rí i pé aró ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára òkúta inú rẹ̀. Ó gbójú sókè wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń gùn ún bọ̀ títí tó fi dé ẹ̀yìnkùlé wa, níwájú ibi tí àpáta ti sán.

Màmá kò gbà. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn nìkan ló ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú. "Aró kò ní orúkọ olówó ẹ̀ lára, ọ̀gá."

Wolé-wolé ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ nígbà náà, Màmá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ obìnrin Ẹ̀gbá dáadáa mọ̀ pé ẹnu wọn ló kọ́kọ́ ń kó wọn sí ìjọ̀ngbọ̀n, òun náà ló sì ń yọ wọ́n. Màmá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń hun ẹní pé kí wọ́n fún àwọn ní ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi ń rẹ koríko. Wọ́n po korobá omi pupa fòò, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, wọ́n dà á sínú ihò níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Bí pupa bá yọ nínú kànga Alfa, kí ẹ ti ìdí aró mi pa." Iléyá ti wọlé dé tán. Aṣọ tí àwọn oníbàárà ń retí ṣì wà nínú ìkòkò, òun ni wọ́n fẹ́ fi ra àgbò, òun náà sì ni bàtà àti aṣọ Iléyá gbogbo wa. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù láàárín Láfẹ́nwá àti Papalanto, ní, "Ìyá mi, ẹ bá dákẹ́." Ẹyin ọ̀rọ̀ ti bọ́ nílẹ̀. Òjò sì rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò tó ń fọ gbogbo abẹ́ òkúta.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá, Alfa fúnra wọn gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá. Abọ́ tánganran funfun kan ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Omi inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Wọn kò bínú. Wọ́n kan gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá. Òwe kan wà tí Màmá fẹ́ràn ju gbogbo òwe lọ, wọn a máa pa á fún ẹni tó bá ṣe oore, fún ẹni tó bá ṣe ìmẹ́lẹ́, fún èmi tí mo bá jí pẹ́: ẹni tó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun ni Alfa fi dá wọn lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ da omi síwájú. Èmi ni mo ń tẹ ilẹ̀ ẹ̀."

Màmá wo abọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, ojú wọn dúró sí ikùn mi. "Aró ti dárúkọ mi," ni wọ́n sọ.

Wolé-wolé dé, ó fi okùn so ìdérí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó lẹ ìwé ìjọba mọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n dí ojú àpáta, kí wọ́n gbẹ́ kòtò aró síbi tó jìnnà sí kànga, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́n kànga Alfa gbẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Bàbá mi béèrè bóyá yóò gbé ìyá òun lọ sí kóòtù. Wolé-wolé ní kóòtù wà, ṣùgbọ́n kóòtù kì í dí ihò. Àǹtí mi kan láti Láfẹ́nwá wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́ kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n fi nǹkan sí i lọ́wọ́, kó lè tú okùn náà kí Iléyá tó dé. Màmá wò ó bí ẹni wo ọmọ tó tọ̀ sílé. "Ẹni tí kò mu omi mi, ṣé owó mi ni yóò gbà?"

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbé sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Papalanto. Àwọn ọmọ kéwú ńlá gbọ́n kànga, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha òkúta inú rẹ̀. Màmá ló dúró ti àwọn bíríkìlà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àwọn aláró yòókù, tó ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe Màmá ní yẹ̀yẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé tiwọn, wọ́n ń wo ojú àpáta.

Iléyá ku fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí wolé-wolé padà wá. Kò wo kòtò, kò wo sìmẹ́ńtì. Ó ní kí Màmá jẹ́ káwọn jọ lọ sí ìsàlẹ̀. Nídìí kànga Alfa, ó fa omi, ó bu ú sínú abọ́ funfun ìjọ́sí. Ó mọ́ gaara. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá.

"Ẹ mu ún, Màmá."

Gbogbo wa dúró. Màmá gba abọ́ náà, mo rí èékánná dúdú wọn lórí funfun. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n mu ún, wọn kò gbé e kúrò lẹ́nu títí ó fi ku ìdajì. Wolé-wolé gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó mu ìyókù. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ẹní Alfa, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

Màmá rọra rẹ́rìn-ín. "O mọ omi mu, àṣé. O sì mọ̀ ọ́n jókòó."

"O" ni wọ́n pè é. Èmi nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ. Ìyàwó Alfa wò mí, mo wò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wolé-wolé tú okùn ìkòkò fúnra rẹ̀, òórùn aró sì gba gbogbo agbo ilé bí ẹni tó ti ìrìnàjò dé. Aṣọ bọ́ sọ́jà, ó kù díẹ̀ kó pẹ́. Àgbò wa ọdún yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ dùn, jálàbíà tuntun Alfa sì funfun débi pé a kò lè wò ó lóòrùn.

Màmá ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Àwọn ọmọ àbúrò mi ló ń rẹ aṣọ níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní àwọ̀ tí Màmá kò rí rí láyé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àyíká, wolé-wolé òde òní, kò mú tọ́ọ̀ṣì mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń ya àwòrán, wọn a bu omi sínú ìgò kékeré, wọn a gbé e lọ yẹ̀ wò. Sìmẹ́ńtì ojú àpáta ṣì wà, ewéko ti hù lára rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wá ìrù. Àgbàlagbà tí mo dà máa ń ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó kàn án, inú mi sì máa ń dùn láti rí wọn. Ọmọ yẹn rò pé ohun tó wà nínú àmù wa ni wolé-wolé ń wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tiwa tó ti wọ inú àmù ẹlòmíràn ló ń wá kiri.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ jókòó gbọ́ mi, omi tẹ́ ẹ dà nù láàárọ̀ òní, kànga ta ló ń lọ?