Ọkọ̀ Tó Rò Pé Òtútù Ń Mú Wa

Òfin tí mo ṣe fún ọmọbìnrin mi kò le: bí ọkọ̀ wa bá ní àbùkù kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ dá a wà. Ó ti gba láísẹ́ǹsì, ó ti ríṣẹ́ sí Àtàn-Ọ̀tà, ó sì fẹ́ fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí yóò kọ́kọ́ wọṣẹ́.

Mo yẹ táyà wò. Mo yẹ bíréèkì wò. Mo ní kó fun fèrè ọkọ̀ títí aládùúgbò wa kan ní Ilo-Awela fi yọjú, tó ń bèèrè bóyá ìyàwó là ń gbé bọ̀. Mi ò rí àbùkù kankan.

Àfi bí éésì ṣe yí padà lójijì ní Ọjọ́bọ̀. Òtútù la yí i sí, ooru ló ń fẹ́ jáde. Nínú oòrùn Ọ̀tà, ọkọ̀ ń fẹ́ ooru sí wa lójú bí ẹni tó ń yan ẹja. Mo fajú ro, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Àbùkù ti dé.

"Ó mà ṣe o, ìyá mi," mo ní fún ọmọ mi. "Ọkọ̀ tí kò mọ̀ pé ooru ń mú èèyàn, ta ló máa gbé e lọ síbi iṣẹ́?"

"Dádì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Rewáyà tó mọ irú èyí ò wọ́pọ̀."

Ìyàwó mi, tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, dá sí i. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tún iná ẹ̀rọ ṣe ní fáktírì láti ìgbà tí mo ti lóyún ọmọ yìí? Àbí fáktírì ń tan ara wọn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé mítà tí mo fi ń wọn iná jáde láàárọ̀ Sátidé. Lára dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀, ihò wẹ́wẹ́ wà. Lẹ́yìn wọn ni sẹ́ńsọ̀ wà, kò ju ẹ̀wà lọ, òun ló ń sọ fún éésì bí inú ọkọ̀ ṣe gbóná tó. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ éésì mọ́, éésì á rò pé a wà nínú fìríìjì, á sì máa fi ooru ṣàánú wa.

Mo tú u jáde, mo ní kí ọmọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó. Bí ó ṣe ń móoru ni nọ́ńbà ojú mítà ń lọ sílẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ yè. Mo wá wọn ẹnu wáyà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n rí iná fóòtì márùn-ún níbẹ̀. Òdo ni mo rí. Wáyà ti já níbì kan.

Ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. "Wáyà yẹn gba ibo lọ?"

Òógùn bò mí, kì í sì í ṣe ti éésì. Ẹ̀yìn píjìnhóòlù ló gbà, àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fi tírákà pamọ́ sí lọ́jọ́ Wẹ́sidé nígbà tí ọmọ mi lọ ṣe irun, kí fóònù mi lè máa sọ ibi gbogbo tí ọkọ̀ bá gbé e dé fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún. Mo yẹ bátìrì mítà wò. Mo nu sùkúrúdíráfà. Mo tún un nù.

"Ìyá mi, ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú. Ká fi í dọ̀la."

"Dádì, a ò tíì jẹun àárọ̀."

Ó gba sùkúrúdíráfà lọ́wọ́ mi, ó tú píjìnhóòlù fúnra rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ, mi ò rẹ́ni bá wí. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró sórí àpótí dúdú kan tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Dádì, kí nìyí?"

"Kọ̀ǹpútà éésì ni."

Ó gbójú sún mọ́ ọn. "Kọ̀ǹpútà éésì ló ń lo síìmù?"

Lẹ́yìnkùlé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ tírákà náà ni wáyà sẹ́ńsọ̀ ti já, ojú ibi tó já mọ́ tónítóní. Bíléèdì mi ni. Níbi tí mo ti ń bó téépù láti wá iná fún tírákà ni mo ti gé e. Èmi tí mo ń pariwo ní fáktírì pé bíléèdì kì í sún mọ́ ìdì wáyà!

"Tí nǹkan yìí bá wà níbẹ̀," ọmọ mi ní, ohùn rẹ̀ ò sì le, "ọ̀kadà ni màá máa gùn lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀kadà! Kó tó pa ẹnu dé, tírákà ti wà lápò mi.

A so wáyà pọ̀, a fi téépù wé e. Fóòtì márùn-ún dé, atẹ́gùn tútù dé.

"Àbùkù kankan ṣì kù?" ó bi mí.

Mo wá a dáadáa. Kò sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wakọ̀ kọjá géètì. Mo rántí ohun kan nípa táyà, mo ké tẹ̀ lé e. Kò gbọ́. Éésì ń ṣiṣẹ́, ó ti yí gbogbo gíláàsì sókè.

Mo yọ fóònù mi wò. Ọkọ̀ ṣì wà ní Ilo-Awela, kò kúrò lójú kan. Àyà mi já. Ṣé ó ti bàjẹ́ ní kọ́nà ni? Mo ti sáré dé ẹnu títì kí ọwọ́ mi tó kan àpò ṣòkòtò mi. Tírákà wà níbẹ̀, bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò tíì kú, ó ń fi òótọ́ inú sọ ibi tí mo dúró sí fún mi.